Ẹ́ńjìnnì Bóòtù Tó Ń Yí Tí Kò Sítáàtì: Ẹ Má Tíì Ra CDI

Inú ṣì ń bí mi, ẹ fara dà á fún mi. Owó tí mo fi ra CDI tuntun (àpótí kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ kí púlọ́ọ̀gì lè tanná) sí ẹ́ńjìnnì bóòtù mi, ì bá ra iṣu tó pọ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà kò sì tìtorí rẹ̀ dá mi lóhùn. Ohun tó ń ṣe é gan-an kò ju súwíìsì kékeré kan lọ.

Lọ́kọ́ja ni mo wà. Iṣu ni mò ń tà. Mo máa ń kó o láti Shintaku lódìkejì odò wá sí etí omi níbí, kí àwọn onílọ́rì tó gbé e lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ́ńjìnnì two-stroke alágbára ẹṣin ogójì (40) ló wà lẹ́yìn bóòtù mi, ọmọkùnrin Nupe kan ló sì ń wà á fún mi. Ẹni tó bá mọ ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, pàápàá lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá tí omi máa ń kún. Ibẹ̀ gan-an ló kú sí. Kò wúkọ́, kò fà tìkọ̀, kò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí epo bá ń tán. Ó kàn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn apẹja ló fà wá dé èbúté, Ọlọ́run á san án fún wọn.

Ohun tí gbogbo ẹni tó ń wa bóòtù mọ̀, a ti wò ó kí mẹkáníìkì tó dé. Ihò atẹ́gùn orí táǹkì ṣí sílẹ̀, rọ́bà tí à ń fún kí epo lè gòkè le dáadáa lọ́wọ́, okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú wà níbi tó yẹ kó wà, bátìrì sì ń yí ẹ́ńjìnnì fàà. A yọ púlọ́ọ̀gì, ẹnu rẹ̀ tutù rinrin fún epo. Epo ń dé ibẹ̀ nìyẹn.

Mẹkáníìkì dé, ó gbé púlọ́ọ̀gì lé irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ yẹn yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí kọ́ráǹtì. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò sí kọ́ráǹtì síbẹ̀. Ló bá nà tàntàn, ó ní, "Màmá, CDI ti lọ nìyẹn."

Mo ní, "Ọmọ mi, bó ṣe kú yẹn, bí ìgbà tí ẹnì kan pa á ni. Ṣé kò lè jẹ́ ibi tí à ń gbà pa á ló bàjẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin ẹ mójú tó iṣu yín, kí àwa náà mójú tó ẹ́ńjìnnì."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Kò sí CDI rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, Onitsha ló ti máa wá. Mo fowó ránṣẹ́. Ẹni tó tà á ní òun ti fi í sínú ọkọ̀; awakọ̀ ní òun kò rí i; nígbà tó yá, ó rí i. Ní gbogbo ìgbà yẹn, iṣu mi wà nínú oòrùn ní Shintaku, mo sì ń háyà bóòtù ọlọ́bóòtù. Ẹni tí mo háyà tirẹ̀ rí i pé mi ò lọ́nà mìíràn, ó fowó lé e lójú mi báyìí, ó tún ń kí mi pé "Màmá, ẹ kú ìnáwó." Mo dá a lóhùn, nítorí pé ìkíni kì í ṣe gbèsè, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

CDI dé, wọ́n dè é mọ́ ọn. Ọmọ yẹn yí kọ́kọ́rọ́ títí ohùn bátìrì fi ń rẹlẹ̀. Òkùnkùn. Mẹkáníìkì bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ: ó lè jẹ́ kọ́ìlì tó ń sọ iná di ńlá fún púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ stator tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì, ká tún ránṣẹ́ sí Onitsha. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú! Mo pe ẹni tó ta CDI pé mo fẹ́ dá a padà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó sọ: ọjà iná ni, wọn kì í gbà á padà.

Bàbá àgbà kan ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa látàárọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó gbọ́ tí mò ń pariwo sórí fóònù ló gbójú sókè, ó bi mẹkáníìkì pé, "Ṣé o ti yọ wáyà tó ń pa á wò?" Mẹkáníìkì dákẹ́. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì rí kó tó di apẹja, òun ló wá là á yé mi. Wáyà kan jáde lára CDI lọ síbi kọ́kọ́rọ́ àti ibi tí okùn pupa wà. Tí wáyà yẹn bá ti kan irin ẹ́ńjìnnì, iná CDI á gba ibẹ̀ lọ, kò ní dé ẹnu púlọ́ọ̀gì mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pa á. Tí iyanrìn àti ìpẹtà bá wọ inú súwíìsì tí okùn pupa wà lára rẹ̀, wáyà náà lè máa kan irin títí, ìbáà jẹ́ pé okùn pupa wà níbẹ̀. Bátìrì á ṣì máa yí ẹ́ńjìnnì, torí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí mo ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyẹn?

Èmi fúnra mi ni mo yọ wáyà náà. Funfun ni lára tèmi, àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ lára ẹ́ńjìnnì mìíràn. Rọ́bà tó bo ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ ti gan, àfi ìgbà tí mo lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì kó tó jáde. Ọmọ yẹn yí kọ́kọ́rọ́. Tá! tá! tá! Iná búlúù ń fò láti ẹnu púlọ́ọ̀gì sára irin. Mẹkáníìkì tó fi ọwọ́ lásán di fìlà púlọ́ọ̀gì mú fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sódò. Mi ò rẹ́rìn-ín. Bóyá díẹ̀.

Mo ní kó yọ CDI tuntun kúrò, kó dá ògbólógbòó padà. Iná ṣì ń já, kò yàtọ̀. Nígbà tí a tú súwíìsì, ẹrẹ̀ dúdú ló wà nínú rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ ti ṣu àwọ̀ ewé. Lọ́kọ́ja níbí la ti rí tuntun rà, owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ tí CDI wọ̀ wá.

Tí tiyín bá ń yí tí kò sítáàtì, tí epo sì ń dé púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ wáyà yẹn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ nu epo tó bá dà sílẹ̀ kúrò, ẹ gbé púlọ́ọ̀gì jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, torí oru epo lè gbiná. Kí ẹ sì fi púláyà tó ní rọ́bà dì í mú. Bí iná bá já, súwíìsì tàbí kọ́kọ́rọ́ tàbí wáyà àárín wọn ni. Bí kò bá já, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ká sọ̀rọ̀ CDI, ìgbà yẹn náà, ẹ kọ́kọ́ yá ti ẹlòmíràn tó ní irú ẹ́ńjìnnì kan náà létí omi wò. Ẹ rántí pé tí wáyà bá wà ní yíyọ, kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa ẹ́ńjìnnì. Ṣóòkì, tó ń dí atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì, la fi pa tèmi. Ẹ má sì fi bóòtù tí wáyà rẹ̀ wà ní yíyọ kó àwọn èrò ọkọ̀ o. Àwọn kan ń ṣe é lórí odò yìí, wọ́n ní okùn pupa ń dí àwọn lọ́wọ́. Bí awakọ̀ bá já sómi, ta ló máa dá bóòtù dúró?

Mẹkáníìkì wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo fún un ní owó púlọ́ọ̀gì tó rà. Ti CDI tó dè, mo ní kó lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá nílò rẹ̀.