Bí a ṣe ń ṣe pálọ̀ ní ìlànà Skandinéfíà ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní àwọn fẹ́ ṣe pálọ̀ àwọn bíi ti àwọn ará Dẹ́nímáàkì, Súídìn àti Nọ́wè, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. Wọ́n á ra àga aláwọ̀ eérú, wọ́n á ra rọ́ọ̀gì onírun, wọ́n á ra òdòdó oníke, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ sáàárín ògiri tí omi ti ń mu bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kí òjò tó ń bọ̀ tó dá, ilé ti padà sí bó ṣe wà, owó sì ti lọ. Ògiri àti ìmọ́lẹ̀ niṣẹ́ yìí. Ìyókù ò le, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì wà nílé yín tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run wọn nígbà òtútù. Ní Stockholm, nínú oṣù Kejìlá, bíi wákàtí mẹ́fà péré ni ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní Tromsø, lókè àríwá Nọ́wè, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìn-ín-ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ògiri ní funfun, kí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé lè tàn káàkiri. Igi tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àga, wọn kì í sì í kó ẹrù dí ojú fèrèsé. Àwa ò ṣaláìní oòrùn ní Ifẹ̀, ooru rẹ̀ ló ń dà wá láàmú. Torí náà, àwọ̀ tó mọ́ àti àyè tó ṣófo ni kí ẹ mú nínú ọgbọ́n wọn. Ẹ fi awọ àgùntàn sílẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó bá ti wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ rí á ti rí i bí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì tó ya ọgbà náà, ṣe jẹ́ kí àjà òkè ní ilé Humanities yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òjìji èyí tó wà lókè lè máa bo ti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, oòrùn ò sì jó ni. Irú rẹ̀ là ń wá nínú pálọ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí, títí kan kálẹ́ńdà ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó tó wà lára ògiri. Ẹ yọ ìṣó, ẹ gbọ́n àjà, ẹ gbálẹ̀. Ìyẹn ò nílò àlàyé.

Ògiri

Ọ̀dà funfun kì í bo àṣírí. Ọ̀dà tó dúdú díẹ̀ lè gbé àbùkù ògiri pamọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n funfun á tú gbogbo rẹ̀ síta. Torí náà, kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ wádìí bóyá ògiri yín gbẹ. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a ṣí sílẹ̀. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin mọ́ ògiri, kó ga sókè ilẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri lomi wà. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín ló ń làágùn, ọ̀rinrin inú yàrá ni, ẹ máa ṣí fèrèsé.

Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa. Bí nǹkan funfun tó jọ iyọ̀ bá ń yọ lára rẹ̀, tí ọ̀dà àtijọ́ ń wú, tó ń ré bọ́ tí ẹ bá fi èékánná kàn án, a jẹ́ pé omi ń gun òkè bọ̀ látinú ilẹ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti síméńtì ló ń bá omi yẹn jáde. Omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Mo ti rí àwọn akunlé tó kàn fi bírọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n dànù, tí wọ́n sì kun ọ̀dà lé e lọ́jọ́ kan náà. Ó ń tàn yanran lọ́jọ́ tí wọ́n gbowó, ó sì ń ṣí bí èèpo nígbà tí òjò dé. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀dà olóróró á dí omi náà pa. Omi tí ẹ dí níhìn-ín á wá ọ̀nà gba ọ̀hún.

Ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí yẹ̀pẹ̀ bá ti ga dé ara ògiri lẹ́yìnkùlé, ẹ wà á kúrò. Ẹ la gọ́tà. Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé ká, kí òjò má baà máa ta ilẹ̀ pupa Ifẹ̀ sí ògiri lára. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ pe ẹni tó ń kan páànù kẹ́ ẹ tó pe akunlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí bíríkìlà tó fọ́ síméńtì tó ti wú kúrò, kó rẹ́ ẹ tuntun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ibi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ni wọ́n ti máa ń jà mí níyàn jù, pàápàá ẹni tó ní ìnáwó níwájú. Bí ìnáwó bá ti dé tán, ẹ gba àlejò pẹ̀lú ògiri tí a ò tíì kùn. Ó sàn ju ọ̀dà tí ẹ máa ha kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé ilé alámọ̀ àtijọ́, irú èyí tó wà ní Ìlódè tàbí Ìrẹ̀mọ, tún le díẹ̀. Síméńtì tí wọ́n rẹ́ mọ́ amọ̀ kì í bá a mulẹ̀ dénú. Ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri káàkiri. Ibi tó bá ń dún gbo-gbo, síméńtì ti yà kúrò lára amọ̀ níbẹ̀, ẹ má kun nǹkan kan sí i. Ọ̀dà olómi nìkan ni kí ẹ lò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí amọ̀ lè máa mí.

Bí ọ̀dà olóróró bá wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí tí dídán rẹ̀ á fi kúrò. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń mọ́ yín lọ́wọ́ bí ẹfun, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi ọ̀dà tí ẹ fi omi là lù ú kọ́kọ́. Síkírìn, ìyẹn ìrẹ́ fẹ́lẹ́ tó ń mú ojú ògiri jọ̀lọ̀ kí a tó kùn ún, tí wọ́n bá fi POP pò ó, ó dára lápá òkè, ṣùgbọ́n kì í fara da omi. Síméńtì funfun ni mo máa ń ní kí wọ́n lò nísàlẹ̀, láti ilẹ̀ dé orúnkún.

Oṣù Kọkànlá tàbí oṣù Kejì ni kí ẹ kun ilé. Nígbà òjò, ọ̀dà kì í gbẹ dénú. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì mú gan-an, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbẹ.

Ẹ má ra funfun tó ní bulúù nínú. Oòrùn tiwa á jẹ́ kó máa gún ni lójú. Èmi máa ń ní kí wọ́n kán ọ̀dà yẹ́lò sínú rọ́bà 20 lítà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa rò ó, títí á fi ní àwọ̀ ògì àgbàdo funfun. Ẹ kun díẹ̀ sára páálí, ẹ gbé e sí ara ògiri, ẹ wò ó láàárọ̀, kí ẹ tún wò ó lálẹ́ pẹ̀lú iná kẹ́ ẹ tó sọ pé ó tẹ́ yín lọ́rùn. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ máa lò ni kí ẹ pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé rọ́bà kejì kì í bá ti àkọ́kọ́ mu. Rólà ni kí wọ́n fi kùn ún, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán.

Iná

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ògiri tán, gílóòbù ló tún lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà jù lọ́jà wa, 6500K ló wà lára páálí rẹ̀ (K yìí ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì funfun bíi pé ó ní bulúù nínú. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí lára, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti fìtílà. Ẹ má sì gbára lé iná àjà kan ṣoṣo láàárín yàrá. Iná kékeré méjì tàbí mẹ́ta nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àti lórí tábìlì, ló ń mú ilé wọn dùn ún jókòó sí.

Láàárín àwọn ọdún 1920, Poul Henningsen ní Dẹ́nímáàkì ṣe fìtílà tí àwo rẹ̀ pele léra, kí ojú má baà rí gílóòbù náà gan-an. Owó rẹ̀ ga. Agbọ̀n tí wọ́n hun dáadáa, tí ẹ dojú rẹ̀ dé, á ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Gílóòbù LED nìkan ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ o, torí èyí tó ń gbóná lè dáná sí i.

Àga àti aṣọ

Ẹ lọ bá káfíńtà tó ń gbọ́ràn. Ẹ ní kó fi igi àfàrà ṣe àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga kúrò nílẹ̀ débi tí ìgbálẹ̀ á lè dé abẹ́ rẹ̀. Àrèrè náà mọ́, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fi oògùn rẹ̀ sí i kó tó kàn án. Ẹ dúró ti káfíńtà lọ́jọ́ fáníìṣì! Bí ẹ bá yíjú, á ti fi àwọ̀ pupa kùn ún, torí ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn. Fáníìṣì tí kò láwọ̀, tí kò sì dán jù, ni kó lò, lẹ́yìn tó bá ti fi sáńpépà 120, 180 àti 240 họ ọ́ tẹ̀ léra.

Ní 1933, Alvar Aalto, ayàwòrán-ilé ní Fínlándì tó múlé gbè wọ́n, ṣe àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣì ń tà títí dòní. Àpótí ìdáná yín, bí ẹ bá họ ọ́ dáadáa, kò tijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó àga kan tí Hans Wegner, ará Dẹ́nímáàkì tó ń ya àga, yà ní 1949, okùn ni wọ́n fi hun ún. Àwọn tó ń hun àga pankẹ́rẹ́ níhìn-ín mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún tìmùtìmù, sányán ni mo fara mọ́ jù. Àwọ̀ rẹ̀ bá ògiri yẹn mu, ẹ wá fi ẹtù kan ṣoṣo sí i kó lè yọ. Bó bá jẹ́ ìró àtijọ́ ìyá yín lẹ fẹ́ gé, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì. Ẹní tí wọn ò pa láró ni kẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀, kì í gba eruku sára bíi rọ́ọ̀gì. Kọ́tìnì olówùú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ta, kí nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé náà jẹ́ funfun.

Fọ́tò àwọn àgbà ilé, ẹ má gbé e lọ síbi ìkẹ́rùsí. Ẹ fi férémù onígi kan náà sí gbogbo wọn, kí ẹ gbé wọn kọ́ pọ̀ sára ògiri kan, kí àwọn ògiri yòókù ṣófo. Fún ewéko, pèrègún tó wà lẹ́yìnkùlé yín ni wọ́n ń fowó gidi rà sínú ilé ní Yúróòpù. Ẹ gé e, ẹ rì í sínú ìkòkò amọ̀, ó máa hù. Bí àgbà kan nílé bá ní òun ò fẹ́ pèrègún nínú pálọ̀, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ wá ewé mìíràn.

Ẹ tọ́jú ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú ìgò tó dé pinpin, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sí i lára. Ọwọ́ ọmọdé máa kan ògiri náà. Ẹ fi kànìnkànìn tútù nù ún kọ́kọ́. Bí kò bá lọ, ẹ fi bírọ́ọ̀ṣì kékeré fi ọ̀dà yẹn tọ́ ibẹ̀ nìkan.