Tí ajá yín bá sọnù, ẹ má tíì sáré lọ jìnnà

Tí ajá yín bá sọnù, òwe yẹn ni gbogbo àdúgbò máa fi kí yín, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Ajá ń gbọ́ fèrè dáadáa, ẹ̀rù ló ń bà á tí ò fi jáde, ibi tó sá pamọ́ sí kì í sì sábà jìnnà sílé. Èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù December làwọn ọmọ àdúgbò wa ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í yin báńgà, bí ajá wa ṣe fo fẹ́ǹsì nìyẹn, ni èmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ bá kó sínú mọ́tò, a wà á dé Bódìjà, à ń pariwo orúkọ ẹ̀ lójú fèrèsé, epo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta la rí i, ilé kẹrin sí tiwa, ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, abẹ́ àtẹ̀gùn ló kó sí.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹnì kan dúró sílé. Ẹ ṣí gèètì sílẹ̀ díẹ̀, torí àwọn míì máa ń padà fúnra wọn lóru, tí wọ́n bá bá gèètì ní títì wọ́n á tún yí padà. Ẹ gbé abọ́ oúnjẹ ẹ̀ síta, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ tẹ́ ẹ ti wọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ o, òórùn ara yín ló ń wá.

Àwọn yòókù, ẹ jáde ní ìdájí, bí aago mẹ́rin ààbọ̀, kí àwọn ọlọ́kadà tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Àmọ́ kẹ́ ẹ ti sọ fún máígáàdì àtàwọn fijilanté láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìnkùlé onílé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní ìdájí, olè ni wọ́n máa pè é. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ mọ́tò, inú gọ́tà, ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀, inú igbó kékeré, ojú ajá máa ń dán tí iná bá kàn án nínú òkùnkùn. Ẹ máa dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀.

Kí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ nìkan máa pe orúkọ ẹ̀, tí ogún èèyàn bá ń pariwo, ṣe ló máa wọlé sí i. Tiwa tún wá burú, bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ nítorí aládùúgbò kan tó fẹ́ràn òfófó, Kòkànyín ni wọ́n pè é. Ẹ fojú inú wò ó, èmi nìyẹn lójú títì ní aago márùn-ún ìdájí, mò ń ké "Kòkànyín! Kòkànyín!", ìyá kan ṣí fèrèsé, wọ́n ní ta ló ń bú wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má sáré sí i rárá, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Ajá tó ti sùn síta ọjọ́ méjì lè máa wo ẹni tó tọ́ ọ bí àlejò. Ìyàwó mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi ṣíbí kan abọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé. Kòkànyín ò mira. Ó pẹ́ díẹ̀, imú yọ, lẹ́yìn náà ó fi ikùn wọ́ ilẹ̀ jáde, ìrù láàárín ẹsẹ̀, ó wá lá ìka ìyàwó mi.

Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bi léèrè: alákàrà tó ń jáde ní ìdájí, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń ṣa irin káàkiri. Ẹ kàn sí àwọn dọ́kítà ẹran náà, n'Ìbàdàn ilé ìwòsàn ẹran wà ní UI, l'Ábẹ́òkúta ó wà ní FUNAAB. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn kan ń jẹ ajá, lókílì ni wọ́n ń pè é l'Óǹdó, ajá sì lẹran Ògún, torí náà ẹ tètè mú fọ́tò lọ bá àwọn tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè, ẹ má kó ọlọ́pàá lọ.

Pósítà: fọ́tò ńlá, nọ́ńbà fóònù, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ pé ẹ̀bùn wà, ẹ má kọ iye, kẹ́ ẹ sì fi àmì kan lára ẹ̀ pamọ́. Ìyẹn ló gbà wá. Ẹnì kan pè wá pé ajá wa wà lọ́dọ̀ òun ní Ṣàgámù, ká fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Mo ní etí wo ló ya? Ó ní tọ̀tún. Kò sí èyí tó ya nínú méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò kọ́ọ̀lù, ẹ má sì dá nìkan lọ gbà á.

Tó bá dé, omi díẹ̀, oúnjẹ díẹ̀. Ẹ wo ara ẹ̀ bóyá eégbọn tàbí ojú ibi tí ajá míì ti bù ú jẹ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Tó bá bu èèyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, láti 2016 ni chip, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá láti fi mọ ẹni tó ni ín, ti di dandan fún ajá ní England, ẹ ṣáà rí i pé nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ò tíì yí padà. Àwa tí ò ní chip, ẹ kọ nọ́ńbà sára bẹ́líìtì ọrùn ẹ̀.

December tó ń bọ̀, ẹ mú un wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ tan rédíò sí i. Tiwa, kíṣìnì ló máa ń sùn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí.