Bí pálọ̀ mi ṣe padà dà bíi pálọ̀

Ẹ bá mi yọ̀ o. Tẹ́lẹ̀, rìmóòtù á wọnú àga, wáyà ṣájà á lọ́ mọ́ra, tí àlejò bá ti kanlẹ̀kùn báyìí màá máa sáré kó gbogbo ẹ̀ jù sí yàrá. Mo kọ́kọ́ ra ṣẹ́ẹ̀fù kékeré kan, àwọn tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó lẹ̀ pọ̀ yẹn, ó wuyì lójú àmọ́ kò nílẹ̀kùn, gbogbo rádaràda hàn síta, omi tí mo fi ń nulẹ̀ ló tún wú u nídìí. Owó wọgbó!

Mo wá mú téèpù, mo wọn àlàfo ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n (ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o), káfíńtà àdúgbò wa bá mi kan àpótí olómọrí, ó fi fóòmù sórí ẹ̀ kó ṣeé jókòó lé, ó ga tó íńṣì 18 bíi àwọn àga yòókù, ó sì ní ẹsẹ̀ íńṣì 4 kí omi má bàa kàn án. Nínú ẹ̀, nǹkan ìṣeré ọmọ wà nísàlẹ̀, rìmóòtù àti ṣájà wà nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré lókè. Ẹ ní kí wọ́n fi irin tó ń gbé ọmọrí dúró sí i, torí ọmọrí tèmi ti já lu ọmọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó pe káfíńtà padà.