Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Kí Omíyalé Tó Dé

Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ènìyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni omi tún ya wọ ìlú kan náà, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bá a lọ. Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa. Oṣù kẹjọ ni àwa ará ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà máa ń sọ pé òjò ń sinmi. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ti ń gbèrò láti kó gọ́tà á ní ó di ìgbà tí àrọ̀kúrò bá bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fi ojú Ìbàdàn rí màbo. Tí ẹ bá fẹ́ kó gọ́tà, tí ẹ fẹ́ tún òrùlé kàn, tí ẹ fẹ́ gé ẹ̀ka igi tó rọ̀ sórí ilé, kí àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó wọlé, àjọ NiMet tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ a máa kéde bí òjò ọdún náà yóò ṣe rí. Àjọ NIHSA tó ń ṣọ́ àwọn odò a máa gbé tirẹ̀ jáde pẹ̀lú, á dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè ya wọ̀. Àwa a gbọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ wa lórí rédíò, a ó ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i", ọ̀rọ̀ bùṣe. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àmín, ẹ wá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín nínú ìkéde náà. Èdè Òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú ilé ni kó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, kí imáàmù àti pásítọ̀ kéde rẹ̀, kí ìyálọ́jà sọ ọ́ fún àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́bàá odò. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ kí omi tó dé lọ́dún 2022. Síbẹ̀, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá kúrò nílé.

Àwọn mìíràn a gbójú sókè, wọ́n á rí i pé sánmà mọ́, ọkàn wọn á balẹ̀. Omi tó ń bọ̀ lè má jẹ́ òjò àdúgbò yín rárá. Bí dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn bá kún, tí wọ́n ṣí omi rẹ̀ sílẹ̀, odò Ògùn ni omi náà á bá sọ̀kalẹ̀ títí dé Ìṣẹ̀rì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, òjò ì báà rọ̀ níbẹ̀ tàbí kó má rọ̀. Bákan náà ni omi dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù ṣe ń gba odò Bẹ́núé wọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ló ya, tí omi fi bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò Ògùn, ìròyìn dáàmù ni kí ẹ máa béèrè láti oṣù kẹsàn-án títí òjò yóò fi dá. Ẹ má wo sánmà nìkan.

Ọ̀rọ̀ gọ́tà wá ń kọ́? Òjò á bẹ̀rẹ̀, a ó sì gbé garawa ìdọ̀tí jáde kí àgbàrá lè bá wa gbé e lọ. Ibo ló ń gbé e lọ? Abẹ́ afárá tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò ni, níbi tí ọ̀rá àti ike ti ń dí ojú ihò, tí omi á sì wá ibòmíràn gbà. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tó da ìdọ̀tí sínú gọ́tà ti gbà fún un. Àwọn tó ń kó gọ́tà náà ní àṣìṣe tiwọn: wọ́n á kó ẹrẹ̀ jáde, wọ́n á kó o jọ sí bèbè gọ́tà kan náà, òjò kan ṣoṣo ló sì máa dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ kó ẹrẹ̀ náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Èyí tó ń pa ènìyàn jù ni pé a máa ń fojú kéré omi tó ń sáré. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré, tí kò ju kókósẹ̀ lọ púpọ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bó bá tó 30, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré. Bó bá tó 60, jíìpù pàápàá kò lè dúró. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má sọ pé ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Omi ti lè gbẹ́ ìdajì ọ̀nà yẹn lọ lábẹ́, ojú yín kò lè rí i. Ẹ yí padà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ lásìkò tí òjò ń rọ̀, ẹ sì sọ fún un pé kó dúró sílé ìwé títí ẹ ó fi wá mú un.

Bí omi bá ti ń wọ yàrá, ẹ má dúró nínú omi kí ẹ tó pa iná. Kí ó tó dé rárá ni kí ẹ ti pa á láti ibi mítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àti káàdì ilé ìwòsàn, inú ọ̀rá tó dí pinpin ni kí wọ́n wà, lórí àjà. Àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyá kan ládùúgbò wa kó tiẹ̀ sí. Ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló di ẹrẹ̀.

Omi lọ tán, àwọn kan á sáré padà sí kànga. Omi ṣaláńgá àdúgbò ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Álọ́ọ̀mù tí a ń jù sínú rẹ̀ ń mú kí ó mọ́ lójú, kò pa kòkòrò àrùn onígbáméjì. Ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún, ẹ sì da oúnjẹ tí omi náà bá kàn nù, bó ti wù kó dùn yín tó.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ni pé a kì í pín iṣẹ́ sílẹ̀. Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, lópin oṣù karùn-ún ọdún 2025: òjò bẹ̀rẹ̀ lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa omi ti bo ilé, ó sì lé ní 200 ènìyàn tó kú. Ní òru, kò sí àyè ìpàdé ẹbí. Lálẹ́ òní, ẹ sọ ọ́ lórúkọ: ta ni yóò gbé bàbá tí kò lè rìn, ta ni yóò di ọmọ ọwọ́ mú, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn opó tó ń dá gbé ní ilé kejì, ilé ta ló wà lórí òkè tí gbogbo yín yóò ti pàdé. Ẹ kọ 112 sára ògiri, ẹ fi 767 kún un bí ẹ bá wà l'Ékòó, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà níbi tí ọmọ ọdún méje ti lè kà á.