Bí mo ṣe béèrè orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó gbowó ìrànwọ́ Kòrónà

Nígbà kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, 2020, tòmátì jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Gwagwalada torí ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rìn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìjọba ní kí a kọ orúkọ wa sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ àgbẹ̀. Ìgbà tó yá, a gbọ́ pé owó ti jáde. Nínú àwa Yorùbá mẹ́tàdínlógún tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ẹnì kan ṣoṣo ló rí gbà.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìyá Ìbejì ò yé bi mí pé, "Akọ̀wé, orúkọ tí o bá wa kọ yẹn ńkọ́?" Àwọn kan tiẹ̀ ti ń sọ lẹ́yìn mi pé mo jẹ nínú owó náà. Ó dùn mí wọ eegun.

Àbúrò kan tó jẹ́ lọ́yà ló là mí lóye nípa òfin ọdún 2011 tí wọ́n ń pè ní Freedom of Information Act, tó fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba. O ò ní láti sọ ìdí tí o fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un. Ẹni tí ò mọ̀wé kọ lè fẹnu béèrè, kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn sí èyí gan-an nítorí àwọn àgbà wa.

Ojú ìwé méjì gbáko ni mo kọ́kọ́ kọ. Lọ́yà kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ lẹ rò, ẹ ò tíì béèrè nǹkan kan." A tún un kọ sí ìbéèrè mẹ́ta: èló ló dé àdúgbò wa, ọjọ́ wo ni wọ́n san án, orúkọ àwọn wo ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi san án.

Ẹ̀dà lẹ́tà náà méjì ni mo gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní kí n fi sílẹ̀, àwọn á pè mí. Mo dúró títí ó fi lu òǹtẹ̀ sí tèmi. Yíǹkì náà ṣú, ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ náà ò hàn, mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un lù, torí ọjọ́ yẹn la ó máa kà.

Ọjọ́ 7 pé, kò sí èsì. Lọ́jọ́ kẹjọ mo padà lọ pẹ̀lú lẹ́tà kúkurú pé òfin fún mi ní ọjọ́ 30 láti lọ sí kóòtù. Lọ́jọ́ kẹtàlá, wọ́n fún mi ní ojú ìwé mọ́kànlá. Owó ẹ̀dà nìkan ni mo san. Wọ́n ti fi dúdú pa nọ́ńbà àkáǹtì àti fóònù rẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣírí àgbẹ̀ kì í ṣe ti ọjà.

Abẹ́ igi máńgòrò la ti kà á, mo ń ka orúkọ, ẹnì kan ń sọ ọ́ ní Haúsá, ẹlòmíràn ní Gbagyi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mẹ́fà nínú tiwa, wọ́n kọ ọ́ pé orúkọ àkáǹtì ò bá èyí tó wà nínú ìwé mu. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe Ìyá Ìbejì ni wọ́n kọ fún un. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ló wà ní báńkì. Ó ní, "Ṣé torí ìyẹn ni?" Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́rin tún wà tí wọ́n sanwó fún, abúlé wa ni wọ́n kọ sí i, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n rí, títí kan baálẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà kejì lórí àwọn mẹ́rin yìí. Òǹtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ hàn ketekete. Ọjọ́ keje rẹ̀ pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.