Bí Mo Ṣe Wá Purotéènì Tó Ń Dààmú Àwọn Tí Ara Wọn Kọ Edé

Ní Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá se ìkọ́kọrẹ́ láìfi edé sí i yóò ṣàlàyé. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná ń wọ inú ìkọ́kọrẹ́, ó ń wọ inú ẹ̀fọ́, ó ń wọ inú mọ́ínmọ́ín. Ṣe ni ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé ń rọ́jú jẹun láàárín wa. Bó bá dé òde àríyá tó ní òun kì í jẹ ẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ ẹ́ jàre, ó ti jinná, iná ti pa ohun tó wà nínú rẹ̀." Àánú irú wọn máa ń ṣe mí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan iṣẹ́ yìí fún ìwádìí oyè másítàs mi ní Àgọ́-Ìwòyè: kí ni ohun tó wà nínú edé náà, ṣé iná sì ń pa á?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé áyódíìn ni. Kì í ṣe òun. Áyódíìn wà nínú iyọ̀ tí gbogbo wa ń jẹ, iyọ̀ kò sì mú kí ètè ẹnikẹ́ni wú. Purotéènì ni. Ara ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní IgE, èyí tí Kimishige àti Teruko Ishizaka ní Amẹ́ríkà àti Johansson pẹ̀lú Bennich ní Sweden ṣàwárí láàárín 1966 sí 1967. Bí edé bá ti wọlé, IgE á gbá purotéènì rẹ̀ mú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á tú hísítámíìnì jáde, ni ara á bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún, ojú á wú, èémí á sì lè máa há. Mo rò ó pé bí IgE bá mọ purotéènì náà nínú ara, yóò mọ̀ ọ́n lórí pépà pẹ̀lú. Òun ni mo fi ṣe atọ́nà.

Mo ra edé odò ńláńlá ní Ìwópin, létí ọ̀sà. Ìyá tó ń tà á wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ọbẹ̀ wo lo fẹ́ fi ìwọ̀nba edé yìí sè?"

Mo ní, "Ìyá mi, láàbù ni mò ń gbé e lọ o."

Ó bu yìnyín lé e lórí dáadáa. "Má jẹ́ kó rà mọ́ ọ lọ́wọ́ o." Òótọ́ ló sọ: èròjà inú ìfun edé máa ń jẹ purotéènì ẹran rẹ̀ kíákíá bí kò bá sí nínú òtútù. Edé gbígbẹ, Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rà á.

Mo bó èèpo edé tútù, mo fa ìfun dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi oníyọ̀ tútù. Ó sùn sínú fíríìjì mọ́jú. Lówùúrọ̀, mo fi ẹ̀rọ yí i fíafía títí gbogbo pàǹtírí fi rọ̀ sísàlẹ̀. Mo gbọ́n omi òkè rẹ̀, mo sì pín in sí méjì. Mo tọ́jú apá kan bẹ́ẹ̀, mo ki ìkejì bọ inú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10.

Ibí yìí ló wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Omi tó mọ́ kedere tẹ́lẹ̀ funfun, ó dì bí ẹyin tó bọ́ sínú omi gbígbóná. Ẹni tó bá rí i á ní gbogbo purotéènì inú rẹ̀ ti parí. Mo tún yí i nínú ẹ̀rọ, ohun tó dì lọ sísàlẹ̀, omi òkè tún mọ́. Mo kán díẹ̀ nínú omi náà sínú èròjà Bradford, èyí tó máa ń di búlúù bí purotéènì bá wà, ó sì yí sí búlúù lójú mi. Purotéènì kan ṣì wà níbẹ̀ tí iná kò rí pa.

Mo to gbogbo wọn, pẹ̀lú edé gbígbẹ lílọ̀, sórí jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tí iná mànàmáná ń fa purotéènì gba inú rẹ̀ kọjá. Epo ti wà nínú jẹnẹrétọ̀ nítorí iná ìjọba. Lórí jẹ́ẹ̀lì, purotéènì kékeré á sáré lọ sísàlẹ̀, ńlá á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ìlà pọ̀ nínú edé tútù: hemocyanin ní nǹkan bíi 75 kilodalton (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìwúwo purotéènì), arginine kinase ní 40, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èyí tí a sè, ìlà kan ṣoṣo ló dúró gbọn-in, díẹ̀ sísàlẹ̀ 37.

Mo gbé ìlà jẹ́ẹ̀lì kejì sórí pépà nitrocellulose, mo fi wàrà oníyẹ̀fun bo àyè tó ṣófo kí IgE má baà lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ni mo da omi ojú ẹ̀jẹ̀, níbi tí IgE wà, ti àwọn tí ara wọn kọ edé tó yọ̀ǹda fún wa lé e, mo sì fi èròjà tó ń mú kí ibi tí IgE bá lẹ̀ mọ́ dúdú tẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ti fọwọ́ sí i, dókítà ló sì gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ìlà abẹ́ 37 yẹn dúdú nínú edé tútù, ó dúdú nínú èyí tí a sè, ó tún dúdú nínú gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń jẹ edé láìsí wàhálà kò fa ìlà kankan. Ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tún mú ti 40, ṣùgbọ́n nínú edé tútù nìkan.

A gé ìlà náà, èròjà trypsin gé e sí wẹ́wẹ́, a sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo wọn. Nígbà tí a fi èsì wé àkójọ àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní UniProt, tropomyosin ni, purotéènì iṣan tí wọ́n ti fún ní orúkọ Pen a 1 àti Pen m 1 nínú àwọn edé mìíràn. Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni. Iná lè tú u, ṣùgbọ́n bó bá tutù, á tún lọ́ mọ́ra padà. Irú rẹ̀ wà nínú akàn àti alákàṣà, ó wà nínú aáyán àti kòkòrò inú eruku ilé pẹ̀lú.

Ìyá kan lára àwọn tó fún wa ní ẹ̀jẹ̀ bi mí bóyá kí òun jáwọ́ nínú ẹja náà. Mo ní, "Rárá, mà. Parvalbumin ni ti ẹja, ọ̀tọ̀ ni, bí dókítà bá ti yẹ̀ yín wò tí ẹja kò ṣe yín ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á nínú ọpọ́n tí wọ́n da edé sí o."

Ìlà kan ṣì kù lórí jẹ́ẹ̀lì tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, ní nǹkan bíi 20 kilodalton. Purotéènì méjì tí wọ́n mọ̀ pé ó ń fa àlẹ́jì edé ló máa ń jókòó síbẹ̀: myosin light chain, àti èyí tó ń gbá kálísíọ́mù mú nínú iṣan. Jẹ́ẹ̀lì nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà mo ti gé òun náà, mo sì ti dì í fún àyẹ̀wò ìwúwo.