Bí mo ṣe tọpa iṣẹ́ akọ́dà tí bàbá bàbá mi ṣe n'Ìbàdàn

Fọ́tò kan ló fa gbogbo ẹ̀. Bàbá bàbá mi ló wà níbẹ̀: wọ́n wọ kákí, wọ́n dé fìlà pupa, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà. Kò sí ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹbí ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ká tó ṣe ìrántí wọn. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan á tó, oṣù mẹ́ta ló gbà.

Ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tó kù láyé ni mo kọ́kọ́ lọ, ní Òjé. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n bóyá ọlọ́pàá ni bàbá wa. Ojú wọn le. "Ọlọ́pàá kẹ̀? Akọ́dà ni! Òyìnbó ló ń rán ọlọ́pàá. Olúbàdàn àtàwọn ìjòyè ló ń rán akọ́dà."

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yẹn sí, ìyẹn ló sì dá mi dúró. Nígbà tí mo dé National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, fáìlì ọlọ́pàá ni mo ń béèrè. Ọjọ́ méjì ṣòfò. Ẹni bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó béèrè fáìlì Ibadan Div (ti ẹ̀ka Ìbàdàn) àti Oyo Prof (ti agbègbè Ọ̀yọ́), kó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Native Authority, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó. Ibẹ̀ ni mo ti bá àwọn akọ́dà: wọ́n ń mú ìwé ìpè kóòtù lọ fún èèyàn, wọ́n ń mú ọ̀daràn, wọ́n ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n.

Mo tún ka ìtàn sẹ́yìn, torí mo fẹ́ mọ ẹni tó ń pa òfin mọ́ kí òyìnbó tó dé. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, létí ọ̀dàn, kò ní ọba aládé. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ló ń dájọ́ nínú agboolé rẹ̀. Oníbodè ń ṣọ́ ẹnu odi, ó ń gba owó ibodè. Ní àwọn ìlú tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, ajẹlẹ̀, ìyẹn aṣojú tó ń ṣàkóso fún Ìbàdàn, ni wọ́n fi síbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń kà nípa àwọn ajẹlẹ̀ dùn mí. Ohun tó wù wọ́n ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, kò sì sí ibi tí ará ìlú lè fẹjọ́ sùn. Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹlẹ̀ Ìbàdàn níbẹ̀ lọ́dún 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn, ogun tí wọ́n ń pè ní Kírìjì sì gbilẹ̀. Ọdún 1893 ni ìjà tó parí, Captain Bower, aṣojú ìjọba òyìnbó, sì jókòó n'Ìbàdàn pẹ̀lú sójà Haúsá. Ní 1895, ó yìnbọn fọ́ Ọ̀yọ́.

Fọ́tò náà ńkọ́? Òpó Mápó, gbọ̀ngàn ńlá ìlú Ìbàdàn, wà lẹ́yìn bàbá wa. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, nítorí náà kò lè ṣáájú ìgbà yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa ọlọ́pàá Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n akọ́dà ṣì wà lọ́tọ̀. Nígbà tí òṣèlú gbóná, àwọn olóṣèlú fi ọlọ́pàá ìbílẹ̀, orúkọ tí ìjọba ń pe àwọn akọ́dà, fìyà jẹ alátakò wọn. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n tú ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ká. Bàbá wa ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Nígbà tí mo parí, mo lọ ka gbogbo rẹ̀ sí àbúrò bàbá wa létí l'Òjé. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti mẹ́nu ba Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní January 2020, wọ́n bi mí pé, "Ta ló ń rán àwọn yẹn?" Mo ní gómìnà ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n pa "ọlọ́pàá" rẹ́ níbi méjì tí mo ti ṣì í kọ fún bàbá wa. Ojú wọn ni mo ṣe pa á rẹ́, mo sì kọ "akọ́dà" síbẹ̀.